Mo gba yàrá àti pálọ̀ ní Ìyàrà, owó ò tó ra tuntun: àlòkù wo ni kí n gbé wọlé?

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀ kọ ọ́ pé:

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́.

Olùkọ́ ni mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, mo sì ti gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìyàrà. Ilé náà tù mí lára. Páànù rẹ̀ kò jò, kànga wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Ẹní, àpótí aṣọ, sítóòfù àti ìkòkò méjì péré ni mo bá wọbẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àga ní Kábà, iye tí wọ́n pe àga onítìmùtìmù fún mi ju owó oṣù mi lọ. Mo fi ọwọ́ tẹ orí tábìlì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ó tẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: ìyẹ̀ pákó tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ni. Bí omi bá dà sí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wú nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé àlòkù ni màá lò.

Ibi tí mo ti lè rí wọn nìyí. Ilé bàbá bàbá mi wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí àǹtí mi ti mú Màmá Àgbà lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀dì onírin àtijọ́ kan wà níbẹ̀, èyí tó ní sípíríǹgì lábẹ́. Ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ Singer wà, orí rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí ọmọ ìyá bàbá mi fi fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù sí àwọn yàrá iwájú, wọ́n tú àwọn ilẹ̀kùn onígi àti fèrèsé lúfà, wọ́n kó wọn ti ara ògiri lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà títí di òní. Àpótí aṣọ Màmá Àgbà sì wà nínú yàrá, kíjìpá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn àgùnbánirọ̀ kan ń parí ìsìnrú ìlú ní Kábà, wọ́n fẹ́ ta fáànù, fóòmù, sílíńdà gáàsì àti fíríìjì kékeré. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́kọ́jà sì ní òun lè bá mi gba àwọn pákó páléètì, pẹpẹ igi tí wọ́n ń to ẹrù lé, tí àwọn onílé-ìtajà ń jù nù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìdun. Olùkọ́ kan níléèwé wa ra àga àlòkù, ó di dandan kó kó gbogbo ẹrù ilé rẹ̀ síta. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó mọ́? Igi wo ló yẹ kí n gbà, èwo ni kí n sá fún? Ṣé kí n ra fíríìjì yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi àlòkù kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá_Olùkọ́_Kábà fèsì:

Ọmọ mi, kú àfojúbà ilé tuntun. Ilé á tù ẹ́ o. Olùkọ́ ni èmi náà, mo ti fẹ̀yìntì, káfíńtà sì ni bàbá tó bí mi, ní Kábà níbí, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991. Àárín ìyẹ̀ pákó ni mo dàgbà sí. Inú mi dùn gan-an sí ìbéèrè ẹ, torí ó ń dùn mí láti máa rí i tí àwọn ará wa ń fi ilẹ̀kùn ìrókò dá iná, tí wọ́n á wá lọ yá owó ra pákó alẹ̀mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ́kàn ni pé ohun tó wà lẹ́yìnkùlé Ayétòrò yẹn dára ju gbogbo ohun tó o rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tàwọn àgùnbánirọ̀ lè tẹ̀ lé e, páléètì ló kẹ́yìn.

Jẹ́ ká mú ilẹ̀kùn. Gbé ìkan nínú wọn. Bó bá wúwo débi pé o ní láti pe ẹnìkejì, inú mi ti ń dùn nìyẹn. Àwọn àgbà wa kì í fi igi yẹpẹrẹ ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ìrókò tàbí apá ni. Láti mọ èyí tó jẹ́, wá ibi tí kò hàn síta, bí etí òkè tó máa ń wọ inú férémù, kí o fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà àti ìdọ̀tí kúrò níbi tó tó ìka kan. Ìrókò máa ń ní àwọ̀ ìyeyè bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a, bó bá pẹ́ ló máa ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Apá ní tirẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì tún wúwo ju ìrókò lọ. Àwọn méjèèjì yìí, ikán kì í fẹ́ràn wọn. Arère ni kó o ṣọ́ra fún: ó funfun, ó fúyẹ́, èékánná rẹ máa wọ inú rẹ̀ bó o bá tẹ̀ ẹ́. Arère kò burú fún inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí àjà, ṣùgbọ́n òun ni àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń lu igi máa ń jẹ jù.

Àwọn kòkòrò yẹn, bí wọ́n bá wà nínú igi, wàá rí ihò tóótòòtó lára rẹ̀. Ihò nìkan kò tó láti kọ̀ ọ́, torí àwọn tó lu ú lè ti kú tipẹ́. Ohun tí bàbá mi máa ń ṣe ni pé á gbé igi náà lé orí bíríkì, á tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀, á sì fi ọwọ́ gbá igi náà dáadáa kí ìyẹ̀ àtijọ́ jáde tán, á gbá bébà náà mọ́, á fi í sílẹ̀ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìyẹ̀ funfun tuntun wà lórí bébà, wọ́n ṣì wà láàyè. Bí bébà bá mọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó lè dá ẹ lójú. Èyí tó ṣì láàyè, Solignum ni wọ́n máa ń fi pa á, ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi í kun igi, ìta náà ni igi á wà títí òórùn rẹ̀ á fi lọ kó tó wọ inú yàrá tí èèyàn ń sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, dojú ilẹ̀kùn kọlẹ̀, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò àti ikán ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìnkùlé. Fi ìṣó gún un. Bó bá jẹ́ ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ló ti jẹrà, má sọ ọ́ nù o. Káfíńtà á gé ibẹ̀ kúrò, ìyókù ṣì tó tábìlì. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jẹrà, tí wọ́n fi sórí ẹsẹ̀ Singer yẹn, á di tábìlì tí wàá máa ṣe máàkì lórí rẹ̀ títí ìwọ náà á fi fẹ̀yìntì. Irú ẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí sí ẹ. Ẹsẹ̀ irin náà, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀, fi epo kẹrosíìnì nù ún, kun ún ní ọ̀dà dúdú. Ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, jẹ́ kí wọ́n so ó kó má máa mì mọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn gidi. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára àwọn ilẹ̀kùn yẹn, òjé lè wà nínú rẹ̀. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì dára fún aláboyún. Má ṣe fi sáńpépà gbígbẹ ha á kí eruku rẹ̀ máa fò. Rẹ ẹ́ lómi, fi sáńpépà tó ṣeé lò nínú omi ha á, níta, pẹ̀lú ìbòmú, kí àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀. Kó gbogbo ohun tó bọ́ kúrò sínú ọ̀rá, má gbá a sínú oko ewébẹ̀. Eruku ìrókò fúnra rẹ̀ náà máa ń mú kí èèyàn máa sín, kí ara sì máa yún un, nítorí náà má bọ́ ìbòmú yẹn kódà nígbà tó o bá ti dé ara igi gan-an.

Àtẹ́gùn ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Bí káfíńtà bá fẹ́ kan tábìlì yẹn fún ẹ nígbà òjò, sọ fún un kó fi igi náà sínú ilé kó gbẹ fún ìgbà díẹ̀. Igi tó mu omi òjò tí wọ́n kàn pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti dé ló máa fà sẹ́yìn, àlàfo á sì ṣí láàárín pákó àti pákó.

Nípa ìdun, má bẹ̀rù, ìdun ní òfin tirẹ̀. Kì í fò, kì í sì í dédé hù. Nínú ìránṣọ, nínú oríkèé igi, nínú ihò ìṣó ló ń gbé. Mú tọ́ọ̀ṣì, wo etí ìránṣọ tìmùtìmù, abẹ́ àga níbi tí wọ́n ti fi aṣọ bo igi. Bí o bá rí àmì dúdú kéékèèké tó dà bí ìgbà tí èèyàn fi báírò tọ́ aṣọ káàkiri, ìgbẹ́ ìdun nìyẹn. Bí o bá rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ tàbí ẹyin funfun, máa lọ, má bá wọn ná an rárá. Ìdun lè wà fún oṣù mélòó kan láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà “ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó lórí rẹ̀” kì í ṣe ẹ̀rí.

Ooru ni ọ̀tá ìdun. Tó bá ti ju àádọ́ta ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì lọ, òun àti ẹyin rẹ̀ á kú. Aṣọ tó ṣeé fọ̀, sè é. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, dì í sínú ọ̀rá dúdú, so orí rẹ̀, gbé e sórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná nínú oòrùn oṣù kejì tàbí ìkẹta tiwa yìí, máa yí i padà. Igi àti irin, omi híhó ni. Kí o tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí ẹyin tó bá bọ́ lọ́wọ́ omi àkọ́kọ́ á ti pa nígbà náà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ pé kó o da ọ̀tapiápiá sí bẹ́ẹ̀dì tó o máa sùn lé. Èròjà tó wà nínú irú àwọn oògùn yẹn, dichlorvos, ti pa èèyàn nínú yàrá tí wọ́n tì pa. NAFDAC fúnra wọn fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà ní 2019. Omi híhó kò ná ẹ ní nǹkan kan ju igi ìdáná lọ.

Fóòmù àwọn àgùnbánirọ̀, má rà á. Gbogbo ohun yòókù ni mo lè bá ẹ wá ọ̀nà àbáyọ sí, fóòmù tí ẹlòmíràn ti sùn lé kọ́. Owó tó o bá tọ́jú lórí tábìlì àti àga, fi ra fóòmù tuntun.

Alájórin_Ìsánlú fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Mà. Ẹ ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Àǹtí tíṣà, ti bẹ́ẹ̀dì irin yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Bẹ́ẹ̀dì yẹn dáa ju èyí tí àwa ń jó lóde òní lọ, mo sì ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń jó o. Irin ìgbà náà nípọn. Ẹ yẹ ibi tí irin orí àti irin ẹ̀gbẹ́ ti so pọ̀ wò. Ètè irin kan máa ń kọ́ sínú èkejì níbẹ̀, ètè yẹn ló máa ń jẹrà. Bó bá ti tín-ín-rín, ẹ gbé e wá fún alájórin kó tó já ní òru. Iṣẹ́ kékeré ni.

Sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀ á ti rọ̀ sílẹ̀ láàárín. Ẹ má wulẹ̀ wá sípíríǹgì tuntun. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tò ó lórí irin ẹ̀gbẹ́, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn kí fóòmù lè mí. Ara pákó páléètì lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

Òpó bẹ́ẹ̀dì irin máa ń ní ihò nínú, ìdun sì máa ń wọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fọ bẹ́ẹ̀dì tí ìdun kò sì lọ. Ẹ yọ ọmọrí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ da omi híhó gba inú òpó náà kọjá kó jáde lódìkejì. Tó bá gbẹ, ẹ dí ẹnu òpó náà.

Páléètì nísinsìnyí. Ẹ wo ara rẹ̀, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: inú igi náà gbọ́dọ̀ gbóná dé 56 ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òfin àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á. Bí ẹ bá rí MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i, kò yẹ kó wọ inú ilé. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó gbé wá, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Páléètì tí kẹ́míkà tàbí epo ti dà sí, kò sí sáńpépà tó lè mú un kúrò.

Réwáyà_Lọ́kọ́jà fèsì:

Ẹ̀gbọ́n mi tíṣà, ẹ kú orí ire. Ọ̀rọ̀ fíríìjì ni tèmi.

Ẹ béèrè bóyá mítà ẹ̀yin ayálégbé jẹ́ èyí tí ẹ ń ra káàdì sí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fíríìjì tó ti gbó lè jẹ káàdì yín tán kí oṣù tó dé àárín. Mo máa ń rí i lójoojúmọ́: wọ́n á ra fíríìjì ní ìdajì owó, wọ́n á san ìdajì kejì fún iná. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń rí lápá ọ̀dọ̀ wa, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹun, ìkòkò amọ̀ fún omi tútù, kí ẹ máa ra ẹja àti ewébẹ̀ lóòjọ́, á gbé yín dé ìgbà tí owó bá dé.

Bí ẹ bá sì ṣì fẹ́ ẹ, ẹ lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa ti tan-án sílẹ̀. Ẹ tan-án níṣojú yín, ẹ jókòó tì í títí inú rẹ̀ á fi tutù. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Bí owó náà bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ọ̀nà ti kú, òtútù ń jáde. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n ti jó páìpù rẹ̀ pọ̀ rí. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ gbé e dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó kì í sí iná, pàápàá bí wọ́n bá fi í sùn nínú ọkọ̀, kí ọ́ìlì inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè padà sí àyè rẹ̀.

Fáànù wọn, ẹ rà á. Ẹ fi ọwọ́ yí i nígbà tí iná ò sí: kó yí geere, kó má há. Ẹ mi bílédì rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì jù, búúṣì rẹ̀, irin kékeré tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀, ti jẹ, owó kékeré ni, ẹ fi ná an wálẹ̀. Wáyà tó ti sán tàbí tí orí rẹ̀ dúdú, ẹ gé e, ẹ fi tuntun sí i. Bọ́ọ̀dù ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n àlòkù, èyí tí a ń ki wáyà púpọ̀ bọ̀, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Sílíńdà gáàsì: ẹ wo ìdí rẹ̀, ìpẹtà ibẹ̀ ló burú jù. Ẹ gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Họ́òsì àti ẹnu rẹ̀, tuntun ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá so ó pọ̀, ẹ fi ọṣẹ tó ń hó kun oríkèé rẹ̀. Tí fóòmù ọṣẹ náà bá ń wú, gáàsì ń jò.

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀ fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yin Màmá, mo ti ka tiyín lákàtúnkà. Mi ò ní ra fíríìjì, mi ò sì ní ra fóòmù. Fáànù àti sílíńdà ni màá lọ wò.

Nǹkan mẹ́ta ló kù. Dígí lúfà yẹn, ṣé ó wúlò fún nǹkan kan? Àwọn síítì eérú kan wà lẹ́yìnkùlé náà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe àjà láyé àtijọ́, mo ń rò ó pé kí n gé e fi dí ìdáná mi. Ẹ̀kẹta, àpótí Màmá Àgbà. Kíjìpá inú rẹ̀ dára gan-an, mo fẹ́ fi bo tìmùtìmù, ṣùgbọ́n aṣọ pupa kan wà nísàlẹ̀ tó wúwo, tó ní iṣẹ́ lára. Àǹtí mi ní ọmọ Bùnú ni ìyá Màmá Àgbà.

Ìyá_Olùkọ́_Kábà fèsì:

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Kọ́kọ́ fi síítì eérú yẹn sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lódidi kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n bí o bá fi ayùn gé e tàbí kó o fọ́ ọ, eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àìsàn rẹ̀ á tó hàn. Má gé e, má sì jẹ́ kí káfíńtà gé e fún ẹ. Ṣàlàyé fún àwọn ará ilé náà pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ má máa fi ṣeré.

Dígí lúfà wúlò dáadáa. Ó nípọn, ìwọ̀n wọn sì dọ́gba. Fi í ṣe pẹpẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù àwo: káfíńtà á kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí apá ọ̀tún àti òsì, wàá kàn máa ti dígí bọ̀ ọ́ ni. Aáyán kò ní ibi fara pamọ́ sí lórí dígí, fífọ̀ rẹ̀ kò sì le. Fi òkúta ìpọ́nbẹ pẹ̀lú omi pa etí rẹ̀ kó má gé ẹ lọ́wọ́. Má gbé ìkòkò lé e, àwo àti ife ni tirẹ̀.

Ó kan aṣọ. Ní tìrẹ, ìwọ wo ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Àwọn obìnrin wa ló hun kíjìpá yẹn lórí òfì tó dúró ti ògiri nínú ilé, láàárín iṣẹ́ oko àti ìdáná. Òwú tí wọ́n ran fúnra wọn ni. Ó lágbára débi pé ó lè wà lára tìmùtìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbọ̀n ọ́n, sá a sí ibòji fún ọjọ́ kan, wo ibi tí ìlà rẹ̀ ti fà. Ọṣẹ dúdú àti omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́, ìwọ nìkan, lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ aláró, fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ibi tó ti já, gé e kúrò kó o lo èyí tó kù. Má ran aṣọ náà mọ́ fóòmù pa. Ṣe é bí àpò tí ẹnu rẹ̀ ní okùn, kó o lè máa bọ́ ọ fọ̀. Kí o má sì gé odindi aṣọ tó ṣì dára. Mú àwọn tó ti já ṣe tìmùtìmù, kí o fi odindi kan ta sára ògiri pálọ̀.

Aṣọ pupa yẹn, dá a padà sínú àpótí. Bó bá jẹ́ ohun tí mo rò pé ó jẹ́, aṣọ ipò ni. Ní Bùnú, ìsìnkú àwọn olóyè ni wọ́n ń lò ó fún, kì í ṣe aṣọ ìjókòó. Àwọn tó hun ún náà mọ bí a ṣe ń sọ àlòkù di nǹkan iyì: aṣọ pupa tó ti òkè òkun wá ni wọ́n máa ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán láti rí òwú pupa rẹ̀, tí wọ́n á wá fi hun tiwọn. Ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá Àgbà ní Èkó. Àwọn ló máa sọ ti ta ni, àwọn náà ni wọ́n á sọ ibi tó yẹ kó wà.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ kan tó o kò béèrè. Ẹrù ẹbí ni gbogbo nǹkan tó wà nílé yẹn. Má lọ kó wọn torí pé o ní kọ́kọ́rọ́. Pe ọmọ ìyá bàbá rẹ, kí o sì lọ kí àgbà tó kù nínú ẹbí ní Ayétòrò. Sọ ohun tó o fẹ́ mú níkọ̀ọ̀kan: bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ Singer, ilẹ̀kùn mélòó, dígí. Kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí i. Mo ti rí i tí ilẹ̀kùn kan tí ẹnikẹ́ni ò wò fún ogún ọdún di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ tí ẹnì kan gbé e lọ. Wọn ò ní fi dù ẹ́, inú wọn á tún dùn pé ọmọ wọn fẹ́ lò ó, kò fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ti bárò kiri ra àjákù.

Èyí tó ṣì wà lójú férémù, má tú u o, pàápàá ti àbáwọlé. Ilé amọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, òjò á máa fẹ́ wọlé, ewúrẹ́ á sọ ọ́ di ibùsùn, kò ní pẹ́ tí ògiri rẹ̀ á fi ya. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ẹ.

Káfíńtà kan wà nítòsí wa níbí tó ṣì ń fi ìfági ọwọ́ ṣiṣẹ́, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi kọ́ igi láìlo ìṣó. Tó o bá ti gba àṣẹ, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa owó iṣẹ́. Ya àwòrán ẹsẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn náà àti ibi tó o bá ha, ní ojúmọmọ, kó o fi síbí, kí n lè wò ó bóyá ìrókò ni tàbí apá kó o tó san owó ọkọ̀ láti Ayétòrò sí Ìyàrà.